Ìdí Àlùbọ́sà

Ìdì méjì ni mo rà ní Bódìjà,
àlùbọ́sà eléwé, òjò àárọ̀ ṣì wà lára rẹ̀,
ẹrẹ̀ nídìí, okùn ọ̀rá láàárín.
Mo rẹ́ ewé sínú ẹyin,
mo fẹ́ da ìyókù sí garawa ìdọ̀tí
ni bàbá mi bá dìde lórí àga.
“Mú un wá.”
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Oṣù kẹta rẹ̀ rèé lọ́dọ̀ mi ní Àkóbọ̀.
Orúnkún ló kọ̀ fún un, kò lè kọ ebè mọ́,
la bá kó o kúrò ní Àkànràn
tòun ti àpótí kan, rédíò kan,
àti àdá tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.
Àdá ọ̀hún wà lábẹ́ ibùsùn.
Kí ni yóò fi ṣán?
Kọnkéré ni gbogbo ìta,
àfi ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ lẹ́yìn táǹkì omi
tí kò fẹ̀ ju ẹní ọmọdé lọ.

Ó gbé ẹyọ kan sókè sójú fèrèsé,
ìdí funfun, irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀
bí irùngbọ̀n òun fúnra rẹ̀.
“Ẹni tó gé ewé, kò tíì pa á.
Ìdí ni kó o máa wò.”

Ìgbakọ ọbẹ̀ mi ló fi wa ilẹ̀.
Ó ní kí n tọrọ eérú lọ́wọ́ Rafátù tó ń yan ẹja.
Ó fi ìka wọn ihò, ó fi ìka wọn àlàfo,
ó tò wọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí agogo.
Lọ́jọ́ kẹrin, ewé yọ ṣóńṣó
láàárín ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá.

Ó kó si mí lórí.
Àlùbọ́sà pupa tó ti hù nínú agbọ̀n,
tí mo ti kà mọ́ òkú, mo gbé e fún un.
Ìyẹn ta igi gbọọrọ, ó ta òdòdó rìbìtì,
oyin ń yí i po;
ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ, ó jò, ó di awọ lásán.
A pín aáyù, a gbìn ín ní ẹyọ-ẹyọ.
Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ fóṣù mẹ́ta,
ìgbà tá a hú u, kò lórí.
Mo ní, “Bàbá, ooru Ìbàdàn ò bá a lára mu.”
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
“Ṣé ó ń rùn?”
Ó ń rùn.
“Kí lo tún fẹ́ kó ṣe?”

Onílé wa, Ọ̀gbẹ́ni Fásìnà, bínú dé:
ta ló gbin koríko sídìí táǹkì òun?
Bàbá já ewé mẹ́ta, ó nà án sí i.
Ọkùnrin náà rún un lẹ́nu, ó wo táǹkì, ó wọlé.
Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ wá.

Síbẹ̀, lálaalẹ́, bàbá á béèrè
ìgbà tí ọkọ̀ Àkànràn ń gbéra.
Mo ní aago méje ni ti àkọ́kọ́.
Á mi orí. Á pa rédíò.
Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yìn táǹkì ni mo ti ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀.

Lánàá, ní Bódìjà,
mo dojú ìdì kan délẹ̀, mo tú okùn rẹ̀,
mò ń wá èyí tí irun ìdí rẹ̀ ò tíì gbẹ.
Ọmọbìnrin tó ń tà á bú sẹ́rìn-ín:
“Màámi, ṣé ewé lẹ fẹ́ rà ni, àbí irùngbọ̀n?”
Mo ní irùngbọ̀n ni.
Ó fi ẹyọ mẹ́ta ṣe èènì fún mi,
àwọn tí ewé wọn ti rọ.